Ìrìn Èmi àti Bàbá Mi Lójú Odò Tí Wọ́n Dí

Òórùn ẹja gbígbẹ ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Tí o bá ti gba ọjà Rye Lane ní Peckham, nílùú London, kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú rí, wàá mọ òórùn tí mò ń wí. Ẹja gbígbẹ, ata rodo, adìyẹ díndín àti ìpara àwọn onídìrí, gbogbo rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ aṣọ lára rẹ títí tí wàá fi dé òpin ọjà. Ṣùgbọ́n tí o bá ti sọdá títì ńlá, tí o gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìkàwé kọjá sẹ́yìn, òórùn ọjà á já lẹ́yìn rẹ lójijì, ti ewé tútù àti ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí á sì gbà á. Ibẹ̀ ni ọ̀nà kan ti bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, igi wà lọ́tùn-ún lósì, ó sì lọ tààrà títí dé pápá ńlá tó wà lápá Walworth. Odò ni nígbà kan rí. Wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ẹ ni, kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kó pákó wọ Peckham. Nígbà tó yá, rélùwéè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ omi, wọ́n dí odò náà, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé àdúgbò yìí kí n tó mọ̀ pé orí odò ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́.

Bàbá mi ló jẹ́ kí n mọ̀, nítorí wọn kì í rí ọ̀nà kí wọ́n má béèrè ohun tó ń gbabẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà yẹn. Ọkọ̀ rélùwéè ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣiṣẹ́ lé lórí. Àwọn téṣàn kéékèèké tó wà láàárín Ọ̀fà sí Jẹ́bà ni wọ́n ti jẹ́ alábòójútó, ibi tó jẹ́ pé ọkọ̀ méjì péré ló ń kọjá lójúmọ́, síbẹ̀ tí wọn ò ní jókòó síbi iṣẹ́ láìdán bàtà wọn. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n wá lò lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé Ìlọrin, ló ní kí wọ́n wá sinmi. Àwa méjì péré ni bàbá wa bí, ẹ̀gbọ́n mi yìí ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Òun ló ra fóònù fún wọn, òun ló sì máa ń pè wọ́n ní gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán. Wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ tí èmi ò lè lóye ìdí tó fi pani lẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, mo wà níbi iṣẹ́, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mò ń bu tíì fún ìyá òyìnbó kan, ni àbúrò bàbá mi pè mí láti Ọ̀fà. Wọn ò kí mi. Ẹni tó máa ń kí mi, kí ọmọ mi, kí àwọn tá a jọ ń gbé àdúgbò kó tó sọ ohun tó tìtorí ẹ̀ pè, tí irú wọn ò bá kí èèyàn, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ṣe àlùwàlá tán, ó jókòó kó nu ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Kí n tó kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti sin ín.

“Má sọ fún bàbá ẹ o,” ni àbúrò bàbá mi wí. “Ẹnu ọmọ kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ.”

Ìwọ náà mọ bí àwa ṣe ń ṣe é. A kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu òbí lójijì. Àwọn àgbà ló máa ń wá, wọ́n á jókòó yí i ká, wọ́n á béèrè àlàáfíà, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ ìlú, ẹnì kan á wà lápá ọ̀tún, ẹnì kan á wà lápá òsì, kí ọwọ́ lè wà nítòsí tó máa gbá a mú. Mo pe aáfà ẹgbẹ́ àwa Mùsùlùmí Yorùbá àdúgbò yìí. Wọ́n ní ọjọ́ Àìkú ni àwọn àti àgbà ẹgbẹ́ méjì máa ráàyè, nítorí gbogbo wọn ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Láti Ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu nínú fúláàtì oníyàrá méjì, ibi tí o ò ti lè wúkọ́ kí ẹnì kejì má kí ẹ pẹ̀lẹ́.

Balùwẹ̀ ni mo ti ń sunkún. Màá ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ gbaragada kí ohùn mi má bàa jáde. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí mo ṣe jáde níbẹ̀, bàbá mi wò mí láti orí àga wọn. “Omi ìlú yìí kì í tán ni?” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo ní kì í tán. Lẹ́yìn náà ni mo ní mo gbàgbé nǹkan sínú balùwẹ̀, mo sì padà wọlé.

Fóònù yẹn ló wá ń dẹ́rù bà mí jù. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kọjá, fóònù ò dún. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ó di ọjọ́ Jímọ̀, mo ní ó jọ pé fóònù ẹ̀gbọ́n mi ti bàjẹ́. Ó di Àbámẹ́ta, mo ní mo gbọ́ pé iná ò sí ní Ìlọrin. Gbogbo àwọn ará ilé ni mo bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má pe bàbá o, kí wọ́n jọ̀ọ́, títí di ọjọ́ Àìkú. Irọ́ tí mi ò pa láti ìgbà tí mo ti dáyé ni mo pa tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, bàbá mi sì ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ èrò.

Ètò tá a ṣe ni pé kí n mú wọn jáde ní ọjọ́ Àìkú, kí ọmọ mi obìnrin, tó ń ka ìwé ní yunifásítì ní New Cross, lè tẹ́ ẹní sílẹ̀ kó sì gba àwọn àgbà lálejò. Aago méjì ni ká padà dé.

“Mummy, just keep Grandpa out,” ló sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. “Màá text yín tí wọ́n bá ti dé.”

“Má jẹ́ kí wọ́n rí ojú ẹ o.”

“I'm not even crying,” ló wí, ó sì fi apá aṣọ nu imú.

Kóòtù ẹ̀gbọ́n mi ni bàbá mi wọ̀, èyí tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi nígbà tó wá kí mi ní ọdún méjì ṣáájú. Apá rẹ̀ gùn jù fún wọn, orí ìka nìkan ló ń yọ. Mo fẹ́ ní kí wọ́n wọ òmíràn, mi ò rí ìdí kankan tí màá sọ.

Bá a ṣe gba ẹ̀yìn ilé ìkàwé wọ ọ̀nà náà, inú wọn dùn. Wọ́n wo ilẹ̀ iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n ní irú ilẹ̀ báyìí ni ojú irin ń fẹ́, ilẹ̀ tí kò ga tí kò sì rẹlẹ̀. Gbogbo ẹni tá a bá pàdé ni wọ́n ń ṣí fìlà fún. Ọkùnrin kan sáré kọjá wa tòun ti òógùn lára, bàbá mi yà fún un, wọ́n wá bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ta ló ń lé e?” Nígbà tá a dé abẹ́ afárá àkọ́kọ́, wọ́n dúró.

“Afárá rèé. Omi ẹ̀ dà?”

Mo ní mi ò mọ̀. Pátákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí wọ́n kọ ìtàn odò náà sí, mo sì kà á fún wọn pé wọ́n ti dí i, bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ọjọ́ yẹn lèmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Wọ́n mi orí. “Wọ́n dí omi, wọ́n wá gbàgbé afárá.” Ọ̀rọ̀ náà pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ọwọ́ mi mú. Mo ronú pé ká ní mo lè dá ọjọ́ dúró síbẹ̀ ni, lábẹ́ afárá yẹn, kí aago méjì má lù láéláé. Ẹ̀rù ń bà mí bí ọmọ kékeré.

A wọ pápá ńlá náà. Àárín koríko gbalasa, níbi tí kò sí odò, tí kò sí kòtò, afárá kan tún dá dúró níbẹ̀, ó ní àtẹ̀gùn níhìn-ín, ó ní lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwò ó. Bàbá mi ní àfi kí àwọn gùn ún. A gùn ún. Nígbà tá a dé òkè, wọ́n yọ fóònù jáde nínú àpò kóòtù.

“Ẹ̀gbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Bá mi tẹ̀ ẹ́.”

Ojú wọn kì í rí ohun tó wà lórí fóònù dáadáa, ìka wọn sì le jù fún un. Èmi ni mo máa ń di ojú ibi tá a fi ń gba ohùn sílẹ̀ mú fún wọn, wọ́n á sọ̀rọ̀, màá sì fi í ránṣẹ́. Mo ti ṣe é nígbà àìmọye. Ó yẹ kí n jẹ́ kí fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n ní bátìrì ti kú. Gbogbo irọ́ tí mo ní nílé ti tán, àtàǹpàkò mi sì lọ síbi tó máa ń lọ.

“Ọmọ mi, èmi ni,” ni bàbá mi wí. Wọ́n máa ń gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò. “Mi ò gbúròó ẹ láti ọjọ́ mélòó kan, mo sì mọ̀ pé kò sí nǹkan. Orí afárá kan tí kò lómi ni mo wà báyìí. Tí mo bá dé, màá ròyìn ẹ̀ fún ẹ. Àbúrò ẹ ló dúró tì mí yìí.” Wọ́n yí ojú sí mi. “Kí i.”

Mo gbọ́ ajá kan tó ń gbó nísàlẹ̀. Mo gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ wọnú fóònù náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o,” ni mo wí. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

Ohùn mi jáde geere. Títí dòní, ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ohùn mi ò gbọ̀n. Mo gbé àtàǹpàkò kúrò, ọ̀rọ̀ náà lọ, àmì kékeré kan ṣoṣo sì yọ sí abẹ́ rẹ̀. O mọ àmì yẹn. Ọ̀kan ní ó ti kúrò lọ́wọ́ wa, méjì ní ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tá a fi ránṣẹ́ sí.

“Ó ti lọ?”

“Ó ti lọ, Daddy.”

Fóònù tèmi náà gbọ̀n lápò. Ọmọ mi ni. “Mummy, wọ́n ti cancel train aáfà. Ẹ má tíì bọ̀. So sorry.” Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi béèrè pé kí ni, mo ní ọmọ mi ló ní ká rọra máa gbafẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tún ń lọ. A rìn dé òpin pápá, níbi tí o ti lè rí àwọn ilé gogoro Aylesbury tí wọ́n ń wó. Wọ́n ti já ara ògiri ọ̀kan, yàrá àwọn èèyàn sì hàn sí ìta, pẹ̀lú bébà olódòdó lára ògiri. Bàbá mi wò ó pẹ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rí i pé orúnkún ti ń dùn wọ́n, nítorí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kí wọ́n lè máa dibọ́n pé nǹkan ni àwọn ń wò. Bọ́ọ̀sì tó máa gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ń kọjá lójú wa, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Mi ò lè gbé wọn wọ ọ̀kankan, torí a máa tètè dé jù. Arúgbó ni mò ń fi ẹsẹ̀ rìn kiri káàkiri London kí wọ́n má bàa tètè bá ìròyìn ikú ọmọ wọn nílé. Mò ń ṣe é, mo sì ń wo ara mi bí mo ṣe ń ṣe é.

A jókòó sórí bẹ́ńṣì kan. Wọ́n na fóònù sí mi. “Wò ó, ó ti dé?”

Àmì kan ṣoṣo náà ni. “Kò tíì dé.”

Oníkẹ̀kẹ́ kan lu agogo rẹ̀ kọjá. Bàbá mi fi ojú tẹ̀lé e títí tó fi yà. Láìwò mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà láàárín téṣàn kan sí èkejì, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ló ń lò ó. Ọkọ̀ kò lè kúrò lọ́dọ̀ wọn àfi kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà lé awakọ̀ lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà kò sì lè jáde nínú àpótí rẹ̀ àfi kí téṣàn kejì fi agogo dá wọn lóhùn pé ọ̀nà mọ́.

“Tí wọn ò bá dáhùn ńkọ́?” ni mo bi wọ́n.

“A máa dúró.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Títí ẹnì kan á fi rìn wá sọ fún wa.”

Ìgbà yẹn ni wọ́n wò mí. Ojú wọn ò le, kò sì rọ̀. Ojú alábòójútó tó ń wo ọ̀nà ni. Wọ́n fún mi láyè. Gbogbo ohun tó wà lẹ́nu mi láti Ọjọ́bọ̀ wá sí ahọ́n. Mo rántí àbúrò bàbá mi, mo rántí aáfà, mo rántí pé kò sí ẹnikẹ́ni lápá òsì wọn tó máa gbá wọn mú bí mo bá sọ ọ́, èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní, “Daddy, ṣé ẹ máa mu omi?”

Wọ́n gba omi náà, wọ́n mu ún. A padà sọ́nà ilé. 

Ó ti lé ní aago mẹ́ta kí ọmọ mi tó ní ká máa bọ̀. Nígbà tá a dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bàtà ọkùnrin mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n tò wọ́n síra dáadáa, ọjọ́ Àìkú lásán, kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí yìgì. Èyí ni èmi àti gbogbo ọgbọ́n mi gbàgbé. Ẹni tó fi ogójì ọdún wo àmì lójú ọ̀nà kò ní ṣàì mọ ohun tí bàtà àlejò ń wí. Bàbá mi dúró wo àwọn bàtà náà. Wọ́n bọ́ tiwọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n sì tò ó sí ìdí àwọn yòókù kí wọ́n tó wọlé.

Wọ́n jókòó láàárín àwọn àgbà. Aáfà béèrè àlàáfíà, wọ́n dáhùn. Aáfà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òjò, bàbá mi gbé ọwọ́ sókè.

“Ọjọ́ wo ni?”

Àgbà tó wà lápá ọ̀tún ní, “Ọjọ́bọ̀, sà. Ẹ gba f'Ọ́lọ́run.” Wọ́n di apá bàbá mi mú, bá a ṣe máa ń ṣe. Bàbá mi ò ṣubú, wọn ò ké. Wọ́n ka ohun tí Mùsùlùmí ń kà tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, wọ́n kà á dé òpin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mi kiri láàárín àwọn èèyàn títí ojú wọn fi bá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

“Mo ní kí o kí i,” ni wọ́n wí. “O sì kí i.”

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ àfi èmi. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mi ò lè sọ bóyá ẹ̀sùn ni tàbí ìdúpẹ́, mi ò sì láyà láti béèrè. Mo máa ń jí, ọ̀rọ̀ náà á ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Tíì wọn ni mò ń gbé wá, oúnjẹ wọn ni mò ń sè, a ò sì mẹ́nu kan ọ̀nà odò yẹn.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa padà sí Nàìjíríà, wọ́n ní kí n tún mú wọn lọ. Ìgbà ooru ti wọlé, ewé ti so pọ̀ lókè orí wa. Wọ́n wọ kóòtù kan náà. Lẹ́yìn tá a kọjá afárá àkọ́kọ́, wọ́n béèrè, jẹ́jẹ́, pé, “Lọ́jọ́ yẹn, níbo lo dé kí o tó mọ̀?”

“Láti ilé ni, Daddy. Láti Ọjọ́bọ̀.”

Wọ́n dúró. Wọ́n wo ọ̀nà tá a ti gbà wá, wọ́n wá wo èyí tó kù níwájú, títí dé ibi tí igi ti pàdé.

“Ó jìnnà,” ni wọ́n wí.

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n sì gba báàgì kúrò léjìká mi. O mọ̀ pé ọmọ kì í jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbé ẹrù rẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Daddy, ẹ jẹ́ kí n gbé e,” mo tilẹ̀ di okùn rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e kọ́ apá kóòtù ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì ti ń lọ. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ní gbogbo ìgbà tí mo rò pé bàbá mi ń bínú sí mi, ẹni tó ń rìn bọ̀ lójú irin láti téṣàn kejì nínú oòrùn ni wọ́n ń rò, ẹni tí ìròyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì dé ibi tó ti máa sọ ọ́. Mi ò lè gba báàgì náà padà lọ́wọ́ wọn. Mò ń tẹ̀lé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ mi ṣófo, títí a fi délé.